Owó Tí Ẹ̀rọ Kà Mọ́ Tèmi

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, Malu Road tí ṣọ́ọ̀bù mi wà sì ti di ẹrẹ̀. Irú òjò bẹ́ẹ̀ ló ń bọ́ mi. Tapólì ni mo fi ń háyà fún àwọn onítírélà, aṣọ ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹrù. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Awakọ̀ á fi fóònù san owó háyà pẹ̀lú ìdógò. Tó bá dá tapólì padà tí kò ya, màá ka ìdógò rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Efe ló ń bá mi ṣe ìṣirò. Ọmọ Warri ni, Boundary ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju tàwọn ọmọ mi lọ. Lóṣooṣù, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, á máa bi mí léèrè nípa owó tó wọlé bí ọlọ́pàá: "Mama, ta ló ni eléyìí? Torí kí lẹ ṣe gbà á?" Ìwé mẹ́ta ni mo kà mọ, ìbéèrè rẹ̀ a máa sú mi. Nígbà tí Bísí ọmọ ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Creek Road, gbé AI dé, ẹ̀rọ inú fóònù tó ń ṣírò tó sì ń fèsì bí èèyàn, mo ní kí Efe máa sinmi. Mo to tapólì sórí bẹ́ǹṣì tó máa ń jókòó sí.

Àárọ̀ òjò yẹn ni Bísí mú ìwé owó orí tí ẹ̀rọ náà bá wa ṣe wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá àgbà, ẹ ti lówó o! Ẹ wo èrè yín lọ́dún kan ṣoṣo!"

Inú mi dùn, mo mú bíró kí n fọwọ́ sí i. Ni omi òjò bá kán sí mi lọ́rùn láti orí páànù tó ń jò.

Mo ní, "Bísí, bí mo bá lówó tó yẹn, kí ló dé tí mi ò tíì pààrọ̀ páànù?"

Owó orí tí wọ́n kọ síbẹ̀ tó owó tapólì tuntun mẹ́fà. Bí mo bá san án, ọjà mi á dojú dé. Mo ṣí agboòrùn, èmi àti Bísí, ó di ọ̀dọ̀ Efe ní Boundary. Ojú ń tì mí.

Bí Efe ṣe rí wa, ẹ̀rín ló bú sí. "Mama, AI don sack me, àbí? Kí lẹ tún wá wò?"

"Fún mi ní àga ná, aláwàdà."

Ó wo ìwé náà títí. "Tapólì mélòó lẹ ní?"

"Méjìlélógún."

"Tapólì méjìlélógún ò lè pa owó yìí láéláé. Ẹ̀rọ ti ka ìdógò àwọn awakọ̀ mọ́ èrè yín."

Òótọ́ ni. Owó tó wọlé sórí fóònù ni ẹ̀rọ rí, kò rí èyí tí mo ń kà padà lé wọn lọ́wọ́. A ò sọ fún un, òun náà ò sì béèrè.

Mo rò pé Efe á bú ẹ̀rọ náà. Fóònù tiẹ̀ ló yọ. "Èmi náà ń lò ó, Mama. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, kí n tó mu tíì tán, ó ti ṣe é. Àmọ́ kò jókòó sí Malu Road rí." Mò ń dárúkọ àwọn tó ń háyà lọ́wọ́ mi, ó ń ya ìdógò sọ́tọ̀, ẹ̀rọ ń ṣírò rẹ̀. Owó orí wá di èyí tápá mi ká. Efe ò gba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n fi owó iṣẹ́ òun ra páànù.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá AI á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣirò. Mi ò mọ ti ilé iṣẹ́ ńlá. Ní ṣọ́ọ̀bù bíi tèmi, kí ẹ̀rọ máa ṣírò, kí ẹni tó mọ̀ mí máa bi mí léèrè. Mo dúpẹ́ fún méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, òòrùn yọ. Mo kó tapólì kúrò lórí bẹ́ǹṣì, mo fi omi ọṣẹ fọ bẹ́ǹṣì náà, mo gbé e sí ibòji. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Efe ti jókòó sí i.

"Mama, ta ló ni eléyìí?"

Mo fara balẹ̀, mo dá a lóhùn.