Ẹnu Kànga Hàlímàt

Lọ́dún tí òjò tètè dáwọ́ dúró ní Isundunrin, ẹ̀rọ omi ìlú ti dákẹ́, torí olè ti tú sólà rẹ̀ gbé lọ. Kànga ilé púpọ̀ gbẹ. Ti Hàlímàt ìyá àgbà ló kù, òun náà ò sì ju omi ẹrẹ̀ lọ mọ́.

Abíjàn ni Hàlímàt ti lo ìgbà èwe rẹ̀ kó tó padà wálé. Láti ìdájí ni àwọn aládùúgbò ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí obìnrin kan fi garawa la ẹnìkejì rẹ̀ lórí, Hàlímàt gbà kí wọ́n gbẹ́ kànga náà sí i.

Mùtàlíbù àbúrò rẹ̀ ló mú Dúrójaiyé agbẹ́kànga wá, àti Olúrántí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Dúrójaiyé. Wọ́n fẹ́ fa omi ẹrẹ̀ náà jáde kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n omi ti jìn jù fún ẹ̀rọ ìfami oníbẹntiróò tí wọ́n gbé wá. Mùtàlíbù ní kí wọ́n so ẹ̀rọ náà rọ̀ sínú kànga.

"Èéfín bẹntiróò ò ní rí ọ̀nà jáde," Hàlímàt wí.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò ní pẹ́."

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá máa ṣe é dandan, kí Dúrójaiyé so okùn mọ́ra kó tó bá ẹ̀rọ náà wọ inú kànga. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n so ó.

Dúrójaiyé sọ̀ kalẹ̀ lọ máa ṣọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń kùn nísàlẹ̀. Dúrójaiyé ń dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn. Nígbà tó yá, ohùn náà dákẹ́. Olúrántí yọjú wo inú kànga, ó rí àbúrò rẹ̀ tó fẹ̀yìn ti ògiri, orí rẹ̀ ti ṣubú sáyà. Ó bọ́ bàtà, ó fẹ́ wọ inú kànga. Hàlímàt bá dùbúlẹ̀ gbalaja sẹ́nu kànga.

"Ìyá, ẹ kúrò níbẹ̀. Àbúrò mi ń kú lọ."

"Mo rí i. Ní Abíjàn, ọ̀kan dákú sínú kànga báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ inú rẹ̀ tọ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ wọn tún tẹ̀ lé e. Òkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbé jáde. Ẹ fi okùn fà á."

Olúrántí wọ́ ọ lápá títí ìbòrí rẹ̀ fi ya. Hàlímàt di etí kànga mú. Ó mọ̀ pé bí ọmọ yìí bá kú, òun ni wọ́n máa ní ó pa á. Síbẹ̀ kò kúrò.

Mùtàlíbù ló kọ́kọ́ di okùn mú. Olúrántí wò ó, ó fi apá ìyá àgbà sílẹ̀, òun náà dì í mú. Hàlímàt yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn obìnrin sì kún wọn lọ́wọ́. Èjìká Dúrójaiyé há sára ẹ̀rọ. Wọ́n dẹ okùn díẹ̀, wọ́n tún fà á. Wọ́n tẹ́ ẹ sí gbangba. Kò mira. Olúrántí ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó húkọ́, ó sì bì. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀jìgbò.

Ó yè é, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí kò fi í sílẹ̀, kò sì gbẹ́ kànga mọ́. Wọ́n fi pákó bo ti Hàlímàt di ìgbà òjò. Òun náà wá ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sódò lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn bíi ti gbogbo ayé.

Ọjọ́ kan ni Olúrántí, tí kò tíì kí i láti ọjọ́ yẹn, bá a lọ́nà. Ó dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró, ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn.

"Ìyá, ẹ gòkè."

Hàlímàt gòkè.