Ọjọ́ Iléyá Tí Mo Dáhùn Orúkọ Ọ̀rẹ́ Mi

Fún ọdún mẹ́ta gbáko, ẹsẹ̀ mi òsì kò ṣẹ́ nínú ìwé ìjọba. Ó ṣẹ́ lójú gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Ajégúnlẹ̀. Ó ṣẹ́ lójú dókítà tó fi irin tò ó. Ó ṣẹ́ lójú àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń sín ìrìn mi jẹ. Inú ìwé nìkan ni ó ti pé ṣáṣá, ìwé sì ni ìjọba ń wò kí ó tó san owó oṣooṣù fún òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé kejì péré ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi lọ sí oko kòkó. Mo lè bá ènìyàn jà, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ti ń bá ìwé jà.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò sí níbẹ̀, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ti ń ṣe ọdún létí omi Àpápá. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ iṣẹ́ jíjá ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní ẹ̀ka ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pín wa sí, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí tèmi bá ń sinmi ni tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Onígbàgbọ́ ni mí, Mùsùlùmí ni òun. Gbogbo wa ló ń pè é ní Àlàájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìdọ̀gọ̀ nílẹ̀ wa níhìn-ín ni ibi tó jìnnà jù tó tíì dé. Ọkọ̀ tó bá ti gúnlẹ̀ kò mọ Kérésìmesì, kò sì mọ Iléyá. Nítorí náà ni àwa òṣìṣẹ́ ṣe ní àṣà kan láàárín ara wa. Bí Kérésìmesì bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi á lọ dáhùn orúkọ mi lẹ́nu géètì, á sì ṣe iṣẹ́ mi di ìrọ̀lẹ́. Bí Iléyá bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ tirẹ̀, èmi á lọ dáhùn orúkọ rẹ̀. A kì í gba owó lọ́wọ́ ara wa. Abọ́ ìrẹsì á ti ilé mi lọ sí ilé rẹ̀, abọ́ ẹran á ti ilé rẹ̀ wá sí ilé mi, ó parí.

Fọ́máànù tó ń pe orúkọ wa ní ìdájí mọ̀. Á pe orúkọ ọ̀rẹ́ mi, èmi á sì ké pé, "Prẹ́sẹ́ǹtì, sà!"

Á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Àlàájì, ohùn rẹ mà yàtọ̀ lónìí."

"Òtútù ló mú mi, sà."

"Pẹ̀lẹ́ o. Sọ fún òtútù náà pé kó má gbàgbé itan àgbò tèmi."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é fún ọdún púpọ̀, kò sì sí ẹni tó rí i bí ẹ̀ṣẹ̀.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé ti parí, Iléyá kan bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Mo lọ, mo dáhùn, mo wọlé. Àpò ìrẹsì là ń já. Kireni gbé àwọ̀n kan sókè, okùn rẹ̀ já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn àpò náà sì ya lulẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. N kò rántí bóyá mo ké. Ohun tí mo rántí ni pé àpò kan là, tí ìrẹsì sì ń dà sí mi lójú bí òjò, tí mo ń ronú pé ẹni tó ni ẹrù yìí yóò bínú.

Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá ìtọ́jú tó wà nínú ọgbà. Ẹni tó wà níbẹ̀ bi fọ́máànù léèrè orúkọ mi. Fọ́máànù wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó sì pe orúkọ ọ̀rẹ́ mi. Kí ni ì bá tún pè? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo lè kọ orúkọ mi, mo mi orí pé n kò lè kọ ọ́. Wọ́n ti àtàǹpàkò mi bọ yíǹkì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí ìyàwó mi ti bá mi, tó sì fún wọn ní orúkọ tí bàbá mi sọ mí.

Ọ̀rẹ́ mi dé ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú abọ́ ẹran lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ àgbò ṣì wà létí aṣọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò lè jókòó.

"Èmi ló yẹ kó wà níbẹ̀," ó ń wí. "Èmi gan-an ló yẹ kó wà níbẹ̀."

"Bí o bá wà níbẹ̀, ta ni ì bá pa àgbò?"

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú àwa méjèèjì.

Ní ọjọ́ kejì ni fọ́máànù wá bẹ̀ mí. Òfin sọ pé ẹni tó bá dáhùn orúkọ ẹlòmíràn yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó ni orúkọ yóò fi sílẹ̀, ẹni tó pe orúkọ náà yóò sì bá wọn lọ. Ó ní kí n pa ẹnu mọ́, òun yóò tún un ṣe. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgbẹ́ kékeré ló ṣe ọ̀rẹ́ mi lẹ́sẹ̀, àti pé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni pé ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé. Kò pẹ́ tí fọ́máànù fi fẹ̀yìn tì, tó kó lọ sí ìlú rẹ̀, tó sì fi mí sílẹ̀ sínú ìwé tó kọ.

Nígbà tó hàn pé n kò lè gbé ẹrù mọ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo béèrè owó oṣooṣù tó tọ́ sí aláàbọ̀ ara. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá mi lóhùn sọ pé ìsinmi ni mo wà ní ọjọ́ tí mo dárúkọ, pé ohun yòówù tó bá ṣe ẹsẹ̀ mi nínú ìsinmi, ọ̀rọ̀ ilé mi ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀pá rìn láti Ajégúnlẹ̀ gba Malu Road lọ sí Àpápá. Bí tírélà bá ń bọ̀, n ó fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì títí yóò fi kọjá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì a ní, "Pàpá, kọ́ọ̀mù túmọ́rò," túmọ́rò náà kì í sì í tán. Bí mo bá ríbi wọlé, akọ̀wé kan ni yóò dá mi lóhùn, ọ̀dọ́kùnrin Mùsùlùmí oníwà pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ìwé sọ pé ẹ kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà."

"Ọmọ mi, ìwọ náà wò ó. Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì mi ni àpò ìrẹsì ti wá bá mi?"

"Bàbá, mo rí ẹsẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín kọ́ ni mo ń fi ránṣẹ́ sókè. Ìwé ni."

Òótọ́ wà lẹ́nu mi, n kò sì lè sọ ọ́. Ìyàwó méjì ni ọ̀rẹ́ mi ní, ọmọ rẹ̀ pọ̀, ó sì ku ọdún mélòó kan kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bí mo bá la ẹnu gba ẹ̀tọ́ mi, mo ti la ẹnu gba oúnjẹ lẹ́nu ilé rẹ̀ nìyẹn. N kò ní purọ́ pé mo gbà á tayọ̀tayọ̀. Mo bínú sí i. Mo bínú pé kò wí pé òun yóò lọ sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé bó bá wí bẹ́ẹ̀, èmi náà ni n ó dì í mú. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tí kò rí ẹni tí yóò pè lẹ́jọ́, inú ara rẹ̀ ni ó ń dá ẹjọ́ sí.

Ìyàwó mi ló ń gbé ilé dúró. Ẹja ló ń rà lọ́wọ́ àwọn apẹja Marine Beach, tó ń yan, tó sì ń tà. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n. Ó máa ń wí pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ yá ènìyàn ní ẹsẹ̀, ẹ kò sì ní kó dá a padà."

Nígbà tí Iléyá kẹta lẹ́yìn ìjàǹbá náà dé, ọ̀rẹ́ mi gbé abọ́ ẹran wá bí ìṣe rẹ̀. Ìyàwó mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò dìde.

"Ẹ kú ọdún, Àlàájì. Ẹ bá wa gbé e padà."

Ọ̀rẹ́ mi rò pé àwàdà ni. "Ìyá Ìbejì, ṣé ó kéré ni? Itan gan-an ni mo gé."

"Itan ọkọ mi ńkọ́, ta ló gé e? Ẹran tó ná wa ní ẹsẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ jẹ ẹ́."

Mo bá a wí, mo ní a kì í kọ sàárà. Kò wò mí. Ọ̀rẹ́ mi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ náà lọ́wọ́, àwọn ará ilé ń wò ó. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun," ó sì yí padà. N kò tíì rí i kí ó rìn báyẹn rí, bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dà.

Lẹ́yìn tí ọdún ti kásẹ̀ ńlẹ̀, ó dé ní òwúrọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, takisí sì ń dúró níta.

"Dìde, a ń lọ."

"Lọ sí ibo?"

"Mo fẹ́ lọ gba orúkọ mi padà lọ́wọ́ rẹ. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ka àwọn ọmọ rẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun náà mọ iye wọn. Ìyàwó mi dìde. Ó kàn gbé ọ̀pá mi fún mi.

Ọ̀gá ẹ̀ka náà pè wá wọlé. Kírísítẹ́nì ni, ó wọ táì, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi títí dé òpin láìjá lu ọ̀rọ̀. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì kò jọ gbìmọ̀ pọ̀?"

"Sà, ta ni yóò gbìmọ̀ kí wọ́n lé òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé yàrá ìtọ́jú wá. Ìwé tí mo fi ń gba owó oṣù náà wà lọ́dọ̀ yín. N kì í tẹ̀ka. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ iṣẹ́ ni mo ti ń kọ orúkọ mi."

Akọ̀wé yẹn ló lọ mú ìwé náà wá, eruku bò ó. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, àtàǹpàkò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà funfun kan gba àárín àtàǹpàkò náà já. Mo na ọwọ́ mi. Ọ̀bẹ tí mo fi ń la kòkó ló gé mi níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, àpá rẹ̀ kò parẹ́. Wọ́n tẹ̀ mí ní ìka sí orí ìwé mìíràn, wọ́n gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kò sí ẹni tó nílò ìwé kíkà láti ka èyí.

Ọ̀gá náà pa ìwé méjèèjì dé. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí akọ̀wé. "Ọjọ́ kejì Kérésìmesì tó kọjá, ta ló ṣí ọ́fíìsì yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Orúkọ ta lo kọ sínú ìwé àwọn tó wá síbi iṣẹ́?"

Akọ̀wé wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ tiyín, sà."

Ọ̀gá náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún bí ẹni pé ó dọ̀tí. Ó ní, "Àlàájì, mélòó nínú yín ló ń ṣe èyí?"

"Sà, ẹ béèrè ẹni tí kì í ṣe é. Èyí á yá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé ṣe.

Wọn kò lé ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún un, wọ́n sì dá ìgbéga rẹ̀ dúró fún ọdún kan. Lẹ́tà tèmi dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. A jọ lọ gbà á. Mo ní kí akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí, kó tún un túmọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi owó, mo ní rárá, kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó kà á pé ní ọjọ́ Iléyá ọdún báyìí, lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹsẹ̀ òsì mi ṣẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé àpò ìrẹsì kúrò lára mi.

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà sílé. Ní Malu Road, mo dúró. Fún ọdún mẹ́ta n kò jẹ́ ráhùn níwájú ọ̀rẹ́ mi, kó má bàa rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ gún un. Mo ní, "Ẹsẹ̀ yìí mà ń dùn mí o."

Ó wò mí. "Jẹ́ kó máa dùn ọ́. Ìjọba ti fọwọ́ sí i."

Mo rẹ́rìn-ín títí tí awakọ̀ tírélà kan fi fọn fèrè mọ́ wa.

Kò bá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó lọ sílé, ó sì padà wá pẹ̀lú abọ́ kan náà. Ìyàwó rẹ̀ àgbà kò jẹ́ kí wọ́n dá ẹran tí ìyàwó mi kọ̀ padà sínú ìkòkò wọn. Ó ní sàárà tó ti jáde kúrò nílé kò gbọ́dọ̀ padà. Orí àjà ìdáná ló gbé e sí láti ọjọ́ yẹn, ó gbẹ, ó sì dúdú.

Ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Àlàájì, ẹ kú ọdún," ó wí, bí ẹni pé òwúrọ̀ Iléyá ni.

Gbogbo ọjọ́ náà ló fi sè é, kò rọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, a ń fi eyín fà á ya, a jẹ ẹ́ tán.