Mọ́mì Mi Sun Kọ́míìsì Mi

Mọ́mì mi dáná sun gbogbo kọ́míìsì mi, àwọn ìwé ìtàn alàwòrán mi, lónìí.

Àtèyí tí mo ti ń kà láti kékeré, àtèyí tí mo fọwọ́ ara mi yà.

Pásítọ̀ wọn ní Ìyànà Ìyẹsí ló ní kí kálukú kó ohun òkùnkùn ilé ẹ̀ wá sun.

Mo ní, "Mọ́mì, kí ni kọ́míìsì ṣe?"

Wọ́n ní, "Èèyàn tó ń fò láìní ìyẹ́, tí kì í bá ṣe àjẹ́, kí ni?"

Dádì mi lẹni tí mo yà tó ń fò yẹn. Orí àkàbà ni wọ́n ti já bọ́ níbi iṣẹ́ ní Ṣàngó, tí wọ́n fi kú. Nínú ìwé tèmi, wọn kì í já bọ́.

Mọ́mì ò mọ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa sọ fún wọn pé ọkọ wọn ni wọ́n sun?