Àmín Tí A Tẹ̀ ní Ṣómólú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í ṣe Àmín lórí fóònù. Lẹ́yìn ìsémọ́lé Kòrónà ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, níbi tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.

Orí áàpù kan ni ilé iṣẹ́ ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Láràárọ̀, ọ̀gá á fi àdúrà síbẹ̀, gbogbo wa á sì tẹ àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé. Àmín wa nìyẹn, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ta ni yóò gbọ́ àdúrà tí kò ní ṣe Àmín?

Lọ́jọ́ kan, áàpù náà pààrọ̀ ojú. Ariwo ta.

"Ẹ dá tàtijọ́ padà fún wa jàre!"

"Wàhálà wo tún lèyí?"

Àwòrán ọwọ́ ti pòórá. Máàkì kan, irú èyí tí tíṣà ń fi sí iṣẹ́ tó dáa, ló jókòó sípò rẹ̀. Ìyá Kẹ́mi, tó ń ti àdúgbò Ladi-Lak wá di ìwé pọ̀ lọ́dọ̀ wa kí n tó débẹ̀ rárá, ò fara mọ́ ọn.

"Akọ̀wé, ẹni tó pààrọ̀ ilẹ̀kùn ilé yín láì sọ fún yín, kí ló fẹ́ gbé gba ibẹ̀ wọlé?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Kẹ́mi. Àmín náà ni."

Mo tún kọ ọ́ sí yàrá ẹgbẹ́ wa lórí áàpù náà pé kí gbogbo ènìyàn máa tẹ máàkì. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, àdúrà ọ̀gá gùn. Ojú tuntun náà ká ìdajì rẹ̀ pamọ́. Àfi kéèyàn tún tẹ ibì kan kó tó lè ka ìyókù. A ò tẹ ibẹ̀. Máàkì la tẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, máníjà pè wá jọ. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Òfin tuntun wà nísàlẹ̀ àdúrà àárọ̀ yìí pé a lè dá ẹnikẹ́ni dúró nígbàkigbà, gbogbo yín lẹ sì ti gbà á. Máàkì yín rèé. Ìyá Kẹ́mi, ẹ má wá lọ́la."

Mo pariwo: "Àdúrà la ṣe Àmín sí!"

"Akọ̀wé, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́?" Ó wá ka ohun tí mo kọ sí yàrá ẹgbẹ́ síta, lẹ́tà kan ò yẹ̀. Àṣé láti ọjọ́ tí ojú áàpù náà ti yí padà ni wọ́n ti ń ka ohun tí à ń kọ sí yàrá ẹgbẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi daṣẹ́ sílẹ̀, tí a dúró sẹ́nu géètì. Wọ́n fagi lé òfin náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní Ìyá Kẹ́mi ò ní padà. Ó ti rẹ̀ wá. A gbà bẹ́ẹ̀, ojú ṣì ń tì mí.

Ohun tí a jèrè ni pé kò sẹ́ni tó ń ṣe Àmín níbẹ̀ mọ́ láì kà á tán. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n Ìyá Kẹ́mi ò jìn sí kòtò. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè yẹn, ó ní òun ò ní tẹ̀ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá a ṣe Àmín.