Apá Fúnṣọ́ Lórí Dùùrù

Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí, mo lè sọ ọ́. Bí ẹ bá rí Olúfúnṣọ́ Ògúnṣọlá ní Dagenham Heathway nílùú Òyìnbó níbí, tó gbé báàgì ọjà dání, ẹ ò ní mọ̀ pé òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìjọ wa rú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú àwọn arúgbó, tó bá sì fẹ́ bínú sí ọ, á kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́.

Èmi Tolú, tí mò ń dirun ní Heathway tí mo tún ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Leeds. Ohun tó kù fún un ni dùùrù ìjọ, píánò onígi tí a bá nínú gbọ̀ngàn tí a gbà ní Castle Green, níbi tí ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà A13 kì í ti í sinmi. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní dùùrù nílé, kó tó mọ ìwé kà pàápàá. Ẹni tó bá gba àga dùùrù yẹn lọ́wọ́ Fúnṣọ́, ọjọ́ Ìsinmi ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aládùúrà ni wá, ẹ sì mọ bí a ti ń gbàdúrà. Àpọ́sítélì Akínrẹ̀mí, olùṣọ́ àgùntàn wa, á lu agogo, á ní kí a la ẹnu wa, oníkálukú á sì gbé tirẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó ń wá ìwé ìgbélùú, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ràn. Òyìnbó kan ládùúgbò wá bá wa lọ́jọ́ kan, ó ní nínú gbogbo ariwo yìí, ta ló ń gbọ́ ohun tí ẹnì kan ń sọ? Àpọ́sítélì rẹ́rìn-ín músẹ́. “My brother, God is hearing each and every one.” Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn débi pé mo ti lò ó fún ọkọ mi.

Lọ́dún tó kọjá ni Fúnṣọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì dùùrù àwọn àgbàlagbà ní Barking, kí ọwọ́ rẹ̀ lè túbọ̀ já fáfá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nabeelah ni tíṣà wọn. Òun ló sọ fún un nípa àwọn ọ̀dọ́ ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń kọ orin sílẹ̀ láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Ó ti sú wọn láti máa sín àwọn ará Yúróòpù jẹ. Ẹnì kan nínú wọn fẹ́ kí orin máa dún bí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó máa ń kó ohùn tí kò bára mu jọ, tí á sì mú wọn rìn pọ̀. Òmíràn pa ìka tì, ó gbé odidi apá lé dùùrù, láti ìgúnpá dé ọwọ́. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣẹ̀sín, àwọn kan tilẹ̀ dìde jáde nínú gbọ̀ngàn. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wọn wá dẹnu kọlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn padà sídìí orin àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni Fúnṣọ́ ti ro gbogbo èyí fún mi, ojú rẹ̀ ń dán.

Mo ní, “Bùrọ̀dá Fúnṣọ́, èèyàn ń fetí sí irú ìyẹn?”

Ó ní, “Tolú, you need to hear it. Orin kékeré kan wà lókè, òkun wà nísàlẹ̀.”

Fúláàtì rẹ̀ ò gba dùùrù. Inú gbọ̀ngàn ìjọ ló ti ń kọ́ orin ẹni tó gbé apá lé dùùrù yẹn, lọ́sàn-án Ọjọ́rú, kí ìpàdé àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́rú kan, Ìyá Ọlọ́ládé, olórí àwọn ìyá ìjọ, tètè dé láti wá gbálẹ̀. Ó gbọ́ gbìì! Ó yọjú wo inú ilé. Fúnṣọ́ rèé nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, ó dijú pinpin, apá òsì rẹ̀ nà gbalaja lórí dùùrù, gbogbo ara rẹ̀ ń mì.

Ẹ̀yin aládùúrà ẹgbẹ́ mi, kí lẹ máa rò? Ohun tí Ìyá Ọlọ́ládé náà rò nìyẹn. Ẹ̀mí ti gbé Fúnṣọ́! Ó ké sí àwa tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a sáré wọlé, a yí Fúnṣọ́ ká, a kúnlẹ̀. Èmi gan-an ni mo gbé agogo. A kì í fọwọ́ kan ẹni tó wà nínú ẹ̀mí, la bá dákẹ́, à ń retí iṣẹ́ tí Ẹ̀mí fẹ́ rán sí wa. Fúnṣọ́ lajú, ó bá wa lórí ìkúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú,” ló wí. “Ó ku díẹ̀ kí n parí.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú ti Ìyá Ọlọ́ládé, ìtìjú àgbà kì í sì í pẹ́ di ìbínú. “So, orin ayé lò ń fi ìgúnpá gbá lórí dùùrù Ọlọ́run, àwa wá ń kúnlẹ̀ fún un?” Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Àpọ́sítélì. Àpọ́sítélì ní kí Fúnṣọ́ wá tẹ orin náà níwájú àwọn àgbà ìjọ ní Sátidé. Bí kò bá yẹ ilé Ọlọ́run, kó fi kọ́kọ́rọ́ dùùrù sílẹ̀, Mìdé, ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tó mọ kíbọ́ọ̀dù díẹ̀, á gbapò rẹ̀.

Fúnṣọ́ ò lè jẹun gidi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó dọ́gbọ́n sí i, kó tẹ orin ìyìn kan fún wọn, kí àwọn àgbà máa lọ ilé wọn.

Ó ní, “Bàbá mi á mọ̀.”

Bàbá tó ti kú! Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ní Sátidé, àwọn àgbà jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, èmi dúró lẹ́yìn. Fúnṣọ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní ará Amẹ́ríkà kan ló kọ orin náà, ó wá jókòó. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi bẹ̀rẹ̀, orin kékeré kan tó ń rọra lọ bí orin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ó wá gbé apá òsì sọ̀ kalẹ̀. Àpọ́sítélì fún ojú pọ̀ bí ẹni tó mu àgbo. Apá náà tún bọ́ sílẹ̀, ó lágbára ju tàkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ orin kékeré yẹn ṣì ń rìn lórí rẹ̀, kò ṣubú.

Ibẹ̀ ni ẹnu Ìyá Ọlọ́ládé ti ṣí. Mi ò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. “Jésù,” ló wí, “rántí Ọlọ́ládé mi ní Canada.” Ìyá tó jókòó tì í gbé tirẹ̀ dé. Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nípa ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì. Kí n tó mọ̀, gbogbo wọn ti ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan náà, èmi náà ń bẹ Ọlọ́run nítorí orúnkún mi, dùùrù sì ń hó lábẹ́ wa. Nígbà tí Fúnṣọ́ gbápá kúrò, ohùn wa náà rọlẹ̀.

“Àmín,” ni Àpọ́sítélì wí. Ló bá ya ẹnu, ó ń wò wá.

Fúnṣọ́ rò pé ó ti parí fún òun. Ó dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé orí dùùrù. Ìgbà náà ni Ìyá Ọlọ́ládé bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀.

“Àpọ́sítélì sà, ẹ ò rí i? Àwa nìyí! Everybody at once! Àdúrà wa ni ará Amẹ́ríkà yẹn gbé lé dùùrù, kò kàn mọ̀ wá rí ni.”

Àpọ́sítélì fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Bí a gúnyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Brother Fúnṣọ́, mú kọ́kọ́rọ́ ẹ.”

Fúnṣọ́ jókòó padà, ó sunkún ní gbangba bí ọmọdé. Èmi náà sunkún, ara tù mí bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ Ìsinmi, ó tó àkókò àdúrà. Àpọ́sítélì gbé agogo sókè, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó yíjú sí ìdí dùùrù.

“Brother Fúnṣọ́, gbé apá lé e.”

“Ẹ má bínú sà,” ni Fúnṣọ́ wí, ó sì gbé e lé e, gbogbo wa la ẹnu wa.