Ìwé Tí Kò Ní Orúkọ

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ ìwé náà, èmi náà ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Ìdùnnú yẹn ló ń dùn mí jù títí di òní.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì kéré nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wá kúrò lára Oǹdó ni, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn odi sì ń wá ọ̀nà padà sílé, bóyá iṣẹ́ ìjọba á kàn án. Èmi náà ti Ìbàdàn dé sí Ìkẹ́rẹ́, sínú ilé ìyá mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi tọ́jú fáìlì aláìsàn ní ọsibítù kan n'Íbàdàn, nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbà mí ní akọ̀wé sí kílíníìkì ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nítòsí wa, mo gbé ìmọ̀ mi dé bí ẹni gbé ọjà dé. Kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí mi ò rí àléébù rẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ìwé ìpè. Tí dókítà bá fẹ́ rí akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́ẹ̀kejì, wọn á kọ orúkọ onítọ̀hún gbàgàdà, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjẹun. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, mo rí ọmọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé bẹ́ẹ̀. Bó ṣe jókòó sídìí tábìlì báyìí, àwọn tó bá níbẹ̀ ń gbé abọ́ wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ti yó. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ló ń dun ọmọ ọlọ́mọ.

Mo lọ bá Mátírọ́ọ̀nù, ìyá àgbà tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Mo ní, "Mà, àìsàn ènìyàn kì í ṣe ìkéde ìgbéyàwó."

Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ìwọ ará Ìbàdàn yìí, kí wá ni ká ṣe?"

Mo ní ká yọ orúkọ kúrò, ká máa lo nọ́ńbà. Kálukú ló ní nọ́ńbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, àti àwa tí fáìlì wà lọ́wọ́ wa. Mátírọ́ọ̀nù ní ó dáa, kí n máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn, mo rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Kò pẹ́ sí i tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun fi dé. Dandan ni kí gbogbo wọn ya ẹ́síréè àyà. Nígbà tí dókítà wo àwọn àwòrán náà tán, ó ní kí àwọn mọ́kànlá padà wá, kí wọ́n máa tu itọ́ sínú ike fún àárọ̀ mẹ́ta, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ife wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn mọ́kànlá náà ní in o. Àwòrán ẹlòmíràn kàn ṣú ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró gbọ́ àlàyé? Tí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ ẹ́síréè àti "padà wá", ó ti parí nìyẹn.

Mo jókòó sídìí táípù, mo tẹ nọ́ńbà mọ́kànlá láìsí orúkọ kan ṣoṣo. Mo wá rò ó pé kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fún àwọn ọmọ yìí ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì gùn. Tí ẹnì kan bá lọ ṣi tirẹ̀ wò ńkọ́, tí aláìsàn ń sùn, tí ẹni tí ara rẹ̀ dá wá ń tutọ́ sínú ike? Àánú wọn ṣe mí. Mo fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kálukú síwájú nọ́ńbà rẹ̀, mo sì fi ìlú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ti ìlú yẹn, mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí fọ́ọ̀mù kan ní Èkìtì lásìkò náà tí kì í béèrè ìlú ẹni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọ onílẹ̀ ni ọ́ lóòótọ́ tàbí o ń díbọ́n. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Bákan náà ni mo ti kọ́ ojú mi n'Íbàdàn láti má ka ohun tí mò ń dà kọ: mò ń wo lẹ́tà, mi ò wo ènìyàn. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn.

Aago mẹ́ta ku díẹ̀ ni mo lẹ ìwé náà. Ilé ìjẹun yóò ṣí láago mẹ́rin. Mo gbéra, mo lọ sílé.

Ìyá mi fi yàrá méjì háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ọ̀kan ni ọmọbìnrin kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa orin. Ìlú ẹni ni orúkọ ẹni ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn; wọn á ní "Ìsẹ̀, wá níbí", "Adó, bá mi mú ìwé mi." Èmùré ni wọ́n ń pe òun, Èmùré náà ni àwa ń pè é nílé. Tó bá ń gbálẹ̀, á máa kọrin, ìyá mi tí kì í yin ẹnikẹ́ni á sì dákẹ́ sórí àpótí rẹ̀, á máa gbọ́. Ìyá mi fẹ́ràn ọmọ náà ju bó ṣe fẹ́ kí n mọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà. Yàrá tí ọmọ náà ń gbé, inú rẹ̀ ni àbúrò bàbá mi obìnrin kú sí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ikọ́ ife ló pa á. Ìyá mi ló tọ́jú rẹ̀ dópin. Fún odidi ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í mu omi nílé wa. Ìta ni wọ́n ti ń kí wa. Láti ìgbà náà, tí ènìyàn bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ojú rẹ̀ á yí padà.

Ìyá mi ò sí nílé nígbà tí mo dé. Èmùré jókòó síbi òjìji, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ṣé èsì ẹ́síréè wa ti jáde?"

"Ìwé àwọn tí yóò padà wá ti wà lára pátákó."

"Mi ò tíì mọ nọ́ńbà mi lórí, mà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo làálàá mi ló sọ yìí. Mo ní, "Kò le rárá. Mo ti fi ẹ̀ka àti ìlú sí i. Ìwọ ṣáà wo Orin, kí o wo Èmùré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó o bá wà níbẹ̀, wàá rí i."

Òun náà rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn dẹrùn, mà. Èmi nìkan ni mo ti Èmùré wá sí ẹ̀ka orin."

Mo fi ojú inú rí ìka mi lórí táípù: Orin, Èmùré. Ìlà keje ni. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, mo wá fi orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é rọ́pò rẹ̀. Mo ní mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sí ọ́fíìsì, mo bá jáde.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀kadà tí mo rí, àgbàlagbà ló gùn ún, ó sì ń kí gbogbo ènìyàn lọ́nà. Ó dúró ra epo inú ìgò. Ó tún dúró kí àna rẹ̀, ó béèrè ọmọ, ó béèrè oko. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mò ń kánjú." Ó ní kí n fara balẹ̀, ẹni tó ń kánjú ló ń kọsẹ̀. Àpáta Olósùnta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣáá, bí ẹni pé a ò kúrò lójú kan.

Aago mẹ́rin ti lù nígbà tí mo dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pé bo pátákó. Mo kó sáàárín wọn, mo fi èékánná já ìwé náà. Igun kan rẹ̀ kù mọ́ ara pákó.

"Ẹ má yọ ọ́, mà," ni ọmọkùnrin kan wí. "Mi ò tíì rí tèmi."

Lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́ ọmọbìnrin kan tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Èmùré mà ni. Èyí tó ń kọrin ní ìpàdé àdúrà."

Ìkejì rẹ̀ ní, "Àbájọ tó ń wúkọ́."

Ọyẹ́ ló mú, gbogbo wa là ń wúkọ́. Mo yíjú padà kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, mo rí i pé tí mo bá sọ ọ́, mo ti jẹ́rìí sí i pé òun ni. Mo fi ìwé náà sínú àpò, mo lọ.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà, kì í ṣe pé mi ò rí ọ̀kadà. Mo fẹ́ pẹ́ lọ́nà. Nígbà tí mo dé, ìyá mi dúró láàárín ọgbà. Obìnrin tó ń dín àkàrà lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo rí kọ́ọ̀pù tí Èmùré fi ń mumi: wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ògiri, òun nìkan, ó jìnnà sí àwọn abọ́ wa. Ilẹ̀kùn yàrá ọmọ náà pa dé.

"Án ní ọmọ yìí wà nínú ùwé an," ni ìyá mi wí. "Uṣẹ́ rẹ ni. Sọ fún mi. Ṣé òun ni?"

"Kì í ṣe òun, Màmá."

"Èmùré tó ń kọrin ni án pè."

"Ọmọ Èmùré pọ̀ níbẹ̀. Ẹlòmíràn ni."

"Ukọ́ ti pa ènìyàn nínú ulé yìí. Ọwọ́ mi ló kú sí. Wo ojú mi, kí o tún un sọ."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe òun." Ìgbà kẹta tí mo parọ́ lójú kan náà nìyẹn, ìyá mi sì mọ irọ́ mi láti kékeré. Kò bínú. Ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n má lè bá a jà.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Èmùré jáde síta, ó kúnlẹ̀ níbi tó wà, kò súnmọ́ wa.

"Èmi ni, Màmá. Ẹ má jẹ́ kí Àǹtí parọ́ mọ́."

Ọmọ náà wo kọ́ọ̀pù tó wà lórí ògiri, ó wá wò mí. Kò sunkún.

"Àǹtí, ènìyàn mélòó ló mọ̀ kí èmi tó mọ̀?"

Ojú tì mí débi tí mo fi ń fọwọ́ tẹ ìwé inú àpò mi, bí ẹni pé mo ṣì lè fi pamọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Èmùré. Ìyá mi ò ní kó lọ, kò sì ní kó dúró. Ó fi kọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ fún un lórí ògiri, ọmọ náà sì mú un lọ. Fún àárọ̀ mẹ́ta ló ń ti Èmùré wá tutọ́ sínú ike, ó ń gba ẹ̀yìn kílíníìkì wọlé.

Nígbà tí èsì dé, mo tọ Mátírọ́ọ̀nù lọ kí ó tó kó wọn fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ti ọmọ náà sínú àpòòwé, kí ó lẹ̀ ẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì.

"Ìwọ akọ̀wé ni kò ní rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi náà."

Ó wò mí títí. Kò bi mí ní ìdí, ó lẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni mo gbé e lọ sí Èmùré. Bí mo ṣe ń jáde nílé, ìyá mi tẹ̀ lé mi dé títì. Ó ní kí n má pẹ́, kí òun lè mọ̀ bóyá kí òun ṣí yàrá náà sílẹ̀ dè é.

Mo bá ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ó sáré gbé mi dìde. Mo fi àpòòwé lé e lọ́wọ́. Ó já a, ó kà á, ó tún un kà. Ojú rẹ̀ ò yí padà síhìn-ín, kò yí padà sọ́hùn-ún. Ó ká a, ó fi sínú aṣọ, ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, omi ló bù wá fún mi, nínú kọ́ọ̀pù tí mo mọ̀ dáadáa. Ó nà án sí mi, ó dúró.

Mo mu ún tán. Mo ń retí kí ó sọ fún mi. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí, a sọ̀rọ̀ ọyẹ́, a sọ̀rọ̀ ìdánwò. Kò sọ. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Ẹ bá mi kí Màmá."

Ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba yàrá sí ibòmíràn. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi ìpàdé àdúrà tí mo bá ń kọjá. Fáìlì rẹ̀ wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò ṣí i títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ìyá mi ń dúró dè mí létí títì lọ́jọ́ Sátidé yẹn, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

"Kí lùwé náà sọ?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Títí ó fi kú ló gbà pé mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo ohun tí mo sọ fún un nípa ọmọ náà, "mi ò mọ̀" yẹn nìkan ni òótọ́.