Oríkì Tí Wòlíì Kò Fẹ́ Kì Tán

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò nílé wa ní Gesundbrunnen ní Berlin, mo fi Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi sílẹ̀ lójú oorun pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni. Ní ibùdókọ̀ ojú irin Spandau, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin dáwó ra Wochenendticket, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì òpin ọ̀sẹ̀ tí ènìyàn márùn-ún lè jọ lò nínú ọkọ̀ ojú irin tí kì í sáré. A kò mọ ara wa rí. Ní ìlú wa nílé lọ́hùn-ún, ìjà ẹni tí yóò mú tíkẹ́ẹ̀tì dání ì bá ti bẹ́ sílẹ̀ kí a tó gbéra.

Ọkọ̀ náà ń dúró ní gbogbo abúlé bí ẹni ń kí àna. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín mi, mo sì ṣí ìwé. Ìtàn àtijọ́ àwọn Kẹ́lítì ti ilẹ̀ Ireland ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó fi ayé wọn fún àdúrà, ló kọ wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni wọ́n ń sọ òrìṣà di ènìyàn lásán, tí wọ́n ń so wọ́n mọ́ ìran Nóà. Inú wọn máa ń bí mi gidi. Ta ló ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án?

Bàbá Samuel, àbúrò ìyá ìyá mi, ni mo ń lọ bá ní Hamburg. Àwọn nìkan ló kù tó mọ oríkì ìdílé wa. Ìyá mi kú láì kọ́ mi, ọmọ mi ti pé ọdún méjì, kò sì gbọ́ ọ rí. Ara Bàbá kò sì le mọ́. Bí wọ́n bá lọ, ó tán nìyẹn.

Atẹ́gùn Hamburg gbá mi lójú. Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Billbrook, níbi tí ìjọ Aládùúrà wọn ti háyà gbọ̀ngàn láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Àbẹ̀kẹ́! Káàbọ̀ o. Màmá, ẹ fún un lóúnjẹ, these Berlin people no dey chop."

Màmá, ìyàwó wọn, gbé ìrẹsì àti ẹja wá. Wọ́n ní ohun tí à ń jẹ ní Berlin kì í ṣe ẹja. N kò jiyàn, ẹja náà dùn.

Mo tan tẹ́ẹ̀pù kékeré mi. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Mo máa kì í, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ Ọ̀tìn. Wòlíì ni mí. Ọmọ Nóà ni mo máa fi síbẹ̀."

Ọ̀tìn ni odò ìlú wa, òrìṣà sì ni. Ìyá Bàbá ló ń bọ ọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n fi Nóà síbẹ̀, ohùn wọn sì há. Wọ́n tún un kì, ó tún há. Ọ̀rọ̀ kan ló ń pe èkejì nínú oríkì, Nóà kò sì pe ẹnikẹ́ni.

"Àbẹ̀kẹ́, mo ti gbàgbé."

Ẹ̀rù bà mí. Mo sọ ti àwọn mọ́ńkì fún wọn.

"Àwọn náà mọ Nóà!" Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kọ ìtàn kan délẹ̀, Bàbá, ó wá kọ ọ́ sí ìparí rẹ̀ pé òun kò gba púpọ̀ nínú rẹ̀ gbọ́."

"Ó kọ ọ́ tán kó tó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó kọ ọ́ tán, Bàbá."

Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí sì jáde:

"Ọmọ Ọ̀tìn, omi tí kì í bá aláìsàn jà,
ọmọ abẹ̀rẹ̀ pọnmi, adìde pọnmọ..."

Kò há mọ́. Ó ṣàn títí ó fi kan orúkọ ìyá wọn, omijé sì bọ́ sórí aṣọ funfun. Nígbà tó parí, wọ́n nu ojú, wọ́n sún mọ́ tẹ́ẹ̀pù: "Mo wí i, n kò sìn ín. Jésù ni mò ń sìn."

Nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì, n kò lè bínú sí àwọn mọ́ńkì mọ́. N kò tíì bi ara mi léèrè rí pé ta ni ìyá wọn, àti ohun tí ìyá wọn fi kì wọ́n.

Mo délé bá Tèmítọ́pẹ́ nínú omi ìwẹ̀. Mo kì í bí mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ náà ń wo ẹnu mi. Nígbà tí mo dé ìparí, mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń wí pé, "Mo wí i, n kò sìn ín." N kò gé e kúrò.

Ó fọwọ́ lu omi. "Nochmal, Mama!"

Kí n tún un kì ni ó ń wí.